Bí A Ṣe Ń Lọ Tọ́ Wáìnì Wò Ní Ọgbà Àjàrà Ìdílé Ní Kent

Ọgbà àjàrà ti pọ̀ ní Kent tí mò ń gbé yìí. Bí ẹ bá gba ọ̀nà abúlé láàárín Ashford àti Canterbury, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí igi àjàrà tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà sára òkè. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà ní Gillingham, Chatham àti Dartford ló ti ń gbọ́ ìtàn ọgbà àjàrà nínú Bíbélì láti kékeré. Ọgbà àjàrà gidi wá wà nítòsí ilé wa báyìí, a kì í sì í yà síbẹ̀. Àwọn tó bá yà, ibi ńláńlá ni wọ́n máa ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń kó èrò rẹpẹtẹ sínú gbọ̀ngàn kan, tí òṣìṣẹ́ kan á máa bu ọtí fún wọn, á sì máa ka ohun tó ti kọ́ sórí. Ìyẹn náà dáa láyè ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn kéékèèké ni mo fẹ́ kí ẹ lọ ní tèmi, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹ̀ka igi náà nínú òtútù oṣù kìíní, tó tún jí lóru oṣù kẹrin nítorí ìrì dídì, òun náà ló máa jókòó tì yín, tí á bu ọtí rẹ̀ sínú ife yín. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, nítorí kí ẹ lè rí ẹni yẹn bá sọ̀rọ̀ dáadáa ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀, torí yóò wúlò fún yín nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìn tì, Sir Guy Salisbury-Jones, gbin àjàrà sí Hambledon ní Hampshire láti máa fi ṣe wáìnì tà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni wọ́n kà sí aṣáájú. Ní Kent níbí, Biddenden bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ìdílé ló dá a sílẹ̀. Ní 1974, wọ́n gbin Breaky Bottom sínú àfonífojì kan nítòsí Lewes ní Sussex, ibi kékeré kan tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn já láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Nígbà tó di 1988, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan, Stuart àti Sandy Moss, gbin irú àjàrà tí wọ́n ń gbìn ní Champagne, agbègbè wáìnì oníhòó ní ilẹ̀ Faransé, sí Nyetimber ní West Sussex. Wáìnì tí wọ́n fi èso ọdún 1992 ṣe jáde, ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà, ojú àwọn èèyàn sì là. Ní 2015, ilé Taittinger láti Champagne fúnra wọn wá ra ilẹ̀ ní Chilham, lápá ọ̀dọ̀ wa níbí.

Kí ló fà á? Ẹfun ni. Òkè funfun tí ẹ máa ń rí ní Dover yẹn, ẹfun ni látòkè délẹ̀, irú ẹfun yẹn náà ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ Champagne ní ìsọdá òkun. Ẹfun kì í jẹ́ kí omi dúró sídìí igi, síbẹ̀ ó ń fa omi pamọ́ sínú ara rẹ̀ de ìgbà ọ̀dá. Ojú ọjọ́ náà sì ti ń móoru sí i ju bó ṣe wà láyé àwọn bàbá wọn lọ, èso tí kì í tètè pọ́n tẹ́lẹ̀ ti wá ń pọ́n. Bí ẹ bá dé ọgbà kan tí ẹ sì béèrè pé, "Ṣé orí ẹfun lẹ wà ni àbí orí amọ̀?", ẹ ó rí i bí ojú onílé ṣe máa tàn. Gbogbo Kent kọ́ ló wà lórí ẹfun. Lápá Tenterden àti Biddenden, amọ̀ àti iyanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, wáìnì ibẹ̀ sì máa ń ní ìwà tirẹ̀.

Ní ti yíyan ibi tí ẹ máa lọ, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe wáìnì ní ilẹ̀ yìí, WineGB, ní àwòrán ilẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ọgbà àjàrà tó ń gba àlejò hàn. Ẹ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ ṣí ojú ìwé ọgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n dárúkọ àwọn tó ni ibẹ̀, bóyá wọ́n sọ iye éékà tí wọ́n gbìn. Èyí tí kò bá ju éékà mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, iṣẹ́ ọwọ́ ìdílé ló sábà máa ń jẹ́. Àmì tó dájú jù lọ́wọ́ mi ni fóònù. Ẹ pè wọ́n. Bó bá jẹ́ ẹni tó gbé e ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹ ń gbọ́ ìró katakata lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ lọ.

Dandan ni kí ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ má kàn yọ sí wọn. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá já lù wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń fín oògùn sára igi, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Ẹ sọ iye èèyàn tí ẹ jẹ́. Mẹ́rin ló dáa jù. Tí ẹ bá ti ju mẹ́fà lọ, ó ti di òde, ọ̀rọ̀ ò ní lè wọra mọ́. Mo mọ̀ pé bí Àǹtí kan bá ti gbọ́, ó fẹ́ kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù, kí wọ́n lọ lọ́jọ́ tiwọn.

Ẹ tún sọ àwọn nǹkan yìí lórí fóònù. Bí ẹnì kan nínú yín bá ń bẹ̀rù ajá, ẹ sọ ọ́. Àfàìmọ̀ ni kí ajá má wà ní oko báwọnyí, kì í sì í sí lórí ìdè; á kàn sáré wá pàdé mọ́tò yín ni. Wọ́n á fi inú rere tì í mọ́lé fún yín, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn bá wà nínú yín, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú, torí orí ìdàgẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń gbin àjàrà sí kí òtútù lè ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá ń mu ọtí rárá, bóyá nítorí ẹ̀sìn, nítorí oyún, tàbí nítorí pé òun ló máa wa mọ́tò, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní omi èso. Ilẹ̀ ápù ni Kent, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fún ápù tàbí tó ní aládùúgbò tó ń fún un. Mùsùlùmí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó máa ń bá wa lọ, omi ápù ló ń mu, òun ló sì máa ń béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù nípa igi àti ilẹ̀, torí ọmọ àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn ni.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ lọ? Ní oṣù kejìlá títí di oṣù kẹta, igi ti wọ́wé, wọ́n ń gé ẹ̀ka, ọ̀pọ̀ ibi ni kì í gba àlejò. Oṣù kẹrin sí àárín oṣù karùn-ún ni àkókò ìbẹ̀rù wọn. Igi ti ń rúwé, ìrì dídì òru kan ṣoṣo sì lè jó èéhù tuntun náà kó dúdú, kí èso ọdún náà lọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń tan àbẹ́là ńláńlá sáàárín ìlà igi lóru, ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má dá wọn láàmú nígbà yẹn. Oṣù kẹfà dé oṣù kẹjọ ni mo fẹ́ràn jù: òdòdó àjàrà, tó kéré débi pé ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó rí i, á ti so, èso á ti máa tóbi, onílé á sì ní àyè díẹ̀. Ìparí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni ìkórè. Ẹ yan àárín ọ̀sẹ̀, bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Bí iṣẹ́ alẹ́ lẹ̀ ń ṣe ní ọsibítù bíi tèmi, ọjọ́ ìsinmi àárín ọ̀sẹ̀ yín ti wúlò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò. Bí mo ṣe ń kọ èyí, òfin England gba mílígíráàmù 80 ọtí nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ awakọ̀. Ní Scotland, 50 ni láti 2014. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀. Ife ìtọ́wò kan máa ń tó mílílítà 25 sí 50. Bí wọ́n bá bu 50 fún yín lẹ́ẹ̀mẹ́fà tí ẹ sì gbé e mì, 300 nìyẹn, ìdá méjì nínú márùn-ún ìgò kan, kí ẹ sì rántí pé ẹ ò tíì jẹun ọ̀sán. Kí awakọ̀ má fẹnu kàn án rárá, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin. Fún àpẹẹrẹ, ọkọ̀ ojú irin láti Charing Cross máa ń dúró ní Headcorn, ẹ ó sì gba takisí láti ibẹ̀ lọ sí abúlé. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ ti bá takisí tó máa dá yín padà ṣàdéhùn ṣáájú kí ẹ tó kúrò nílé. Takisí orí fóònù tí ẹ fi ń rìn káàkiri London kì í sábà sí ní abúlé, àfonífojì míì sì wà tí fóònù ò ní mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan.

Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, oúnjẹ gidi, kì í ṣe bísíkíìtì. Ẹ má fín lọ́fíńdà. Mo mọ̀ pé èyí le fún wa, ṣùgbọ́n tùràrí àti òróró olóòórùn tó wà lára aṣọ á bo òórùn wáìnì mọ́lẹ̀ fún ẹ̀yin àti fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì yín. Bàtà gíga kò bá ibẹ̀ mu, bàtà òjò tàbí kànfáàsì ni. Bí ẹ bá ti ọgbà àjàrà mìíràn bọ̀ láìpẹ́, ẹ fọ ìsàlẹ̀ bàtà yín mọ́ tónítóní, torí àrùn àti kòkòrò máa ń bá erùpẹ̀ rìn láti oko dé oko, ẹni tó ni igi kì í gbàgbé ìyẹn.

Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ má sáré wọlé síbi tí ìgò wà. Ẹ ní kí wọ́n jọ̀ọ́ mú yín wọ oko lọ ná, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ìdí igi kan dáadáa. Nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sókè ilẹ̀, ẹ ó rí kókó kan tó yọ lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti so igi méjì pọ̀: òkè jẹ́ àjàrà Yúróòpù, ìsàlẹ̀ jẹ́ gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà. Kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera ló fa èyí. Láàárín ọdún 1860 sí ìparí ọ̀rúndún náà, ó jẹ gbòǹgbò àjàrà Faransé débi tí oko púpọ̀ fi parun, gbòǹgbò Amẹ́ríkà nìkan ló lè fara dà á. Láti ìgbà náà, bí wọ́n ṣe ń gbìn ín nìyẹn ní ibi púpọ̀ jù lọ láyé. Ẹ fọwọ́ kan kókó náà. Onílé tó bá rí i pé ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ igi òun, ó ti mọ̀ pé kì í ṣe ọtí ọ̀fẹ́ lẹ bá wá.

Ìbéèrè tí mo máa ń béèrè nínú oko nìyí: Ọdún wo lẹ gbin èyí? Irú wo ni? Ìrì dídì jà yín lọ́dún yìí bí? Ta ló ń jẹ èso yín jù, ẹyẹ ni àbí badger? Ẹran badger yìí, tó ń gbé ihò, tó ní ìlà funfun lójú, ó mọ ọjọ́ tí èso pọ́n ju ẹni tó gbìn ín lọ, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe máa ń sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé, "Ṣé níbí lẹ ti ń fún un?" Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ìdílé kékeré ni kò ní ìfúntí tiwọn, torí owó ẹ̀rọ náà pọ̀. Wọ́n máa ń kó èso lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá oko púpọ̀ ṣe é. Kò dín iyì wọn kù. Iṣẹ́ tó le jù ti parí sórí igi.

Bí wọ́n bá wá ní yàrá tí wọ́n ń pa ìgò mọ́ sí, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú yín wọ̀ ọ́. Ọgbà kan wà lára North Downs, àwọn òkè ẹfun tó gba inú Kent kọjá, tí mo máa ń lọ. Bàbá tó ni ibẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ṣe ọtí báyìí, ìyá sì ló ń ṣe ìwé owó. Bàbá náà mú ìgò kan láti orí pẹpẹ, ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n wò ó. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti sun sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, funfun, ó fúyẹ́, bí ògì ṣe máa ń sun sísàlẹ̀ tí omi á dá dúró lókè rẹ̀. Ó kàn mi ìgò náà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ọtí náà dàrú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti fi ọjọ́ mélòó kan kún iṣẹ́ ọmọ òun nìyẹn.

Òun ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tó fi yé mi. Wáìnì tó ń hó, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń jẹ́ kó gba ìwúkàrà. Èkíní, nínú àgbá ńlá, bíi ti wáìnì gbogbo. Èkejì, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà sí i, wọ́n á dé e pa. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà náà, afẹ́fẹ́ tó ti ara rẹ̀ jáde ò ní ríbi gbà, á wọ inú ọtí lọ. Ohun tó sọ ọ́ di oníhòó nìyẹn. Agbára tó ń ti ìgò náà látinú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti táyà mọ́tò, ìdí nìyẹn tí ìgò rẹ̀ fi wúwo tó bẹ́ẹ̀, tí a kì í sì í dojú rẹ̀ kọ èèyàn bí a bá ń ṣí i. Bí ìwúkàrà bá parí iṣẹ́ rẹ̀, á kú, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn. Wọn ò ní yọ ọ́ kíákíá, torí òun ló ń fún wáìnì náà ní adùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò. Oṣù mẹ́sàn-án ni òfin wáìnì England béèrè ó kéré tán. Àwọn kéékèèké tí mo mọ̀ máa ń fi í sílẹ̀ fún ọdún méjì, mẹ́ta, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wá tó àkókò, wọ́n á máa dorí ìgò kodò díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa yí i lójoojúmọ́, títí gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fi kóra jọ sí ọrùn ìgò. Wọ́n á mú kí ọrùn náà dì bíi yìnyín, wọ́n á ṣí i, èyí tó dì á fò jáde pàù! Wọ́n á rọ wáìnì tó ní ṣúgà díẹ̀ dípò ohun tó jáde, wọ́n á wá fi kọ́ọ̀kì gidi dé e.

Ẹ fi kún un pé igi náà á ti lo bí ọdún mẹ́ta kó tó so èso tó ṣeé lò. Ẹni tó gbin àjàrà lónìí, tó fẹ́ ṣe wáìnì tó ń hó, ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni kó tó ta ìgò àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ owó.

Ó wá kan ìtọ́wò. Wọ́n á to ife síwájú yín, omi àti búrẹ́dì tàbí bísíkíìtì lásán á sì wà níbẹ̀. Èyí tó ń hó ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ funfun, lẹ́yìn rẹ̀ aláwọ̀ osùn tí wọ́n ń pè ní rosé, kí pupa tó dé, bí wọ́n bá ní. Ẹ di ọrùn ife mú, ẹ má di ikùn rẹ̀, torí ooru ọwọ́ á yí ọtí náà padà. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ yí ife náà díẹ̀ kí ọtí inú rẹ̀ máa lọ yíká, ṣùgbọ́n ẹ má yí èyí tó ń hó, á kàn pàdánù ìfófòó rẹ̀ ni. Ẹ ti imú bọ inú ife, kí ẹ fa èémí díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá mu díẹ̀, ẹ jẹ́ kó kárí ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé lé e lórí.

Garawa kékeré kan á wà lórí tábìlì. Ibẹ̀ ni kí ẹ tu ú sí bí ẹ kò bá fẹ́ gbé e mì, ibẹ̀ náà sì ni kí ẹ da ìyókù ife sí. Lọ́dọ̀ wa, kí àlejò tu ohun tí wọ́n fún un mu dànù níwájú onílé, ìwọ̀sí ńlá ni. Níbí, kì í ṣe ìwọ̀sí rárá. Ẹni tó ń ṣe é gan-an ń tu ú lójoojúmọ́, tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní lè ṣiṣẹ́ dé ọ̀sán. Bàbá wa tó wá kí wa láti Ìbàdàn kò gbà. Ó gbé gbogbo tirẹ̀ mì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí kò wa mọ́tò.

Wọ́n á bi yín léèrè pé, báwo lẹ ṣe rí i? Ibi tí àwọn èèyàn wa ti máa ń sé ẹnu nìyí, torí wọ́n rò pé àwọn kò mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ. Ẹ̀yin ẹ fi ohun tí imú yín mọ̀ sọ ọ́. Bacchus ni orúkọ àjàrà kan tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì funfun dáadáa níbí. Jámánì ni wọ́n ti mú un jáde ní 1933. Àwọn òyìnbó á ní ó ń rùn bí òdòdó igi kan tí wọ́n ń pè ní elder àti koríko tútù. Èmi, ìyeyè ni mo gbọ́ níbẹ̀, ìyeyè tí kò tíì rọ̀ dáadáa, pẹ̀lú èèpo ọsàn wẹ́wẹ́. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ bàbá yẹn. Ó ní kí n ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ ìyeyè, ó sì lọ mú ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan gbọ́ àgbálùmọ̀ nínú èyí tó ń hó, ní ti kíkan tó máa ń kù létè lẹ́yìn tí adùn bá ti lọ. Òótọ́ ló sọ. Ilẹ̀ tútù ni England, èso rẹ̀ kì í pàdánù kíkan rẹ̀, agbára wáìnì ibí sì wà nínú kíkan yẹn.

Ẹ tún sọ òótọ́ nípa adùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ràn wáìnì tó dùn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "brut" lára ìgò túmọ̀ sí pé ṣúgà rẹ̀ kò ju gíráàmù 12 lọ nínú lítà kan, ìyẹn kéré gan-an. Bí ó bá kan jù fún yín, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ èyí tó dùn díẹ̀. Bí wọ́n bá ní demi-sec, ìyẹn oníhòó tí ṣúgà rẹ̀ ju ti brut lọ, tàbí wáìnì àjàrà Ortega tí wọ́n fi adùn díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á gbé e wá. Kí ẹ má kàn máa mi orí pé ó dáa, ó dáa, kí ẹ wá dé ilé kí ẹ rọ Fanta sí i. Àgbẹ̀ fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ẹni tó ń mu iṣẹ́ rẹ̀.

Nípa oúnjẹ, èyí tó ń hó bá ohun tí a fi òróró dín mu ju ohunkóhun lọ: àkàrà gbígbóná, dùndún, ẹja díndín. Kíkan rẹ̀ á gé òróró náà kúrò lẹ́nu, ẹ ó tún fẹ́ mú òmíràn. Bacchus bá mọ́ínmọ́ín elẹ́ja mu. Èmi kì í gbé wáìnì pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ le, ata á kàn jẹ́ kí ọtí náà máa jó ọ̀fun ni. Ọbẹ̀ aláta, èyí tó dùn díẹ̀ ni kí ẹ fi tì í. Bí ẹ bá fẹ́ gbé àkàrà dání lọ sí oko náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú, kí ẹ sì ṣe èyí tó máa kárí àwọn onílé. Mo ti ṣe é, ìyá sì jẹ mẹ́rin.

Owó ìtọ́wò máa ń tó £15 sí £25 lórí ẹnì kan, àwọn mìíràn á sì yọ ọ́ kúrò bí ẹ bá ra ìgò. Ìgò kan èyí tó ń hó sábà máa ń jẹ́ £25 sí £40. Ẹ má ná ọjà níbẹ̀. Ẹ rántí ọdún mẹ́fà yẹn, àti àbẹ́là òru oṣù kẹrin, àti pé ó ju kílò kan èso lọ kí ìgò kan tó kún. Ohun tí ẹ lè fi ọ̀wọ̀ béèrè ni bóyá wọ́n máa ń dín owó kù fún ẹni tó bá ra ìgò mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá gba owó ìtọ́wò lọ́wọ́ yín rárá, kí olúkúlùkù yín ra ó kéré tán ìgò kan. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání bí ojú yín bá ṣì kéré, torí ọmọ ọdún 18 sókè ni òfin gbà kí wọ́n tà fún. Kí ẹ sì bi onílé pé èwo nínú ìgò rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣí lálẹ́ ọjọ́ Sunday. Òun ni mo máa ń rà.

Nílé, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù tí oòrùn kò dé, má ṣe sórí fíríìjì. Èyí tó ń hó, kó tutù dáadáa kí ẹ tó ṣí i. Bí kò bá tán, ìdérí onírin tí wọ́n ń tà fún un kò wọ́n, á pa ìfófòó rẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta nínú fíríìjì. Ọjọ́ kejì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí wọn, ẹ dárúkọ èyí tí ẹ gbádùn, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn pé bí ìkórè bá dé, ẹ fẹ́ wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn kéékèèké máa ń wá èèyàn ní oṣù kẹwàá, wọ́n á fún yín ní oúnjẹ ọ̀sán nínú oko àti ìgò kan mú lọ sílé. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ìrì á ṣì wà lára ewé. Ẹ mú ibọ̀wọ́ àti aṣọ òjò dání. Àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé èso, wọ́n ní in níbẹ̀.